Dáínámò inú họ́ọ̀bù fún kẹ̀kẹ́ tó ṣeé ká

Kábà: Ẹ ǹlẹ́ o. Mo fẹ́ fi dáínámò inú họ́ọ̀bù (ẹ̀rọ àárín wíìlì tó ń mú iná mànàmáná wá bí wíìlì bá ń yí) sí wíìlì iwájú kẹ̀kẹ́ mi tó ṣeé ká, fún iná àti fóònù. Kí ni kí n wò kí n tó rà á?

Ìsánlú: Ẹ wọn àlàfo àárín ẹsẹ̀ méjèèjì fọ́ọ̀kì, irin tó di wíìlì iwájú mú, ná. Ti Brompton, irú kẹ̀kẹ́ tó ṣeé ká kan, jẹ́ mílímítà 74. Dáínámò mílímítà 100 ló wọ́pọ̀, kò sì ní wọ inú rẹ̀. Ẹ má fipá ya fọ́ọ̀kì o! Iná tí dáínámò ń mú wá jẹ́ fólítì 6, wáàtì 3, AC (iná tó ń lọ tó ń bọ̀) sì ni: ẹ má so ó mọ́ fóònù tààrà, ẹ wá ẹ̀rọ tó ń sọ ọ́ di fólítì 5 DC (iná tó ń lọ síbì kan ṣoṣo).

Mọ̀pà: Páwà báǹkì ni kẹ́ ẹ fi dáínámò ṣájì, kì í ṣe fóònù. Tí kẹ̀kẹ́ bá ń rọra gun òkè, iná tó ń ṣájì á máa já, á máa padà. Lálẹ́, iná nìkan ni kẹ́ ẹ lò.

Kábà: Wáyà ńkọ́?

Ìsánlú: Ẹ jẹ́ kó dẹ̀ díẹ̀ níbi tí kẹ̀kẹ́ ti ń ká, ibẹ̀ ló máa ń já.