Iyọ̀ ni, kì í ṣe ìyọ̀

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ẹni tó kọ̀wé lánàá ní ká máa pe iyọ̀ tó ń bẹ nínú odò ní "ìyọ̀mi", nítorí ó kúrú, ó sì dùn létí. Ó kúrú lóòótọ́. Kí wá ni ì- yẹn, tí a fi ń sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di ọ̀rọ̀-orúkọ, ń wá níwájú? Iyọ̀ ti jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ kí ẹnikẹ́ni tó dé ibẹ̀. Ẹ gbé ohùn ìsàlẹ̀ lé i rẹ̀, ó di "ìyọ̀", láti inú "yọ̀" tí a fi ń sọ pé ilẹ̀ ń yọ̀, tàbí pé ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́ ń yọ̀. Ṣé omi náà ń jó ni, àbí ó ń gbéni ṣubú?

Nǹkan méjì ló sì dì sínú ọ̀rọ̀ kan. Èkíní ni iye iyọ̀ tó wà nínú omi, èyí tí "ìwọ̀n iyọ̀" ti tó fún. Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyí: bu omi 100 mílílítà, kán potassium chromate (oògùn tó ń fi àwọ̀ sọ ìgbà tó tó) mílílítà kan sí i, yóò pọ́n rúsúrúsú bí ìyeyè. Máa kán silver nitrate (oògùn tó ń di chloride inú iyọ̀ mú) tí agbára rẹ̀ jẹ́ 0.0141 N sí i, kí o máa mì ín. Yóò kọ́kọ́ dà bí omi ògì. Bó bá ti wá pupa díẹ̀ tí kò padà mọ́, dúró. Mílílítà kọ̀ọ̀kan tó o kán jẹ́ mílígíráàmù 5 chloride nínú lítà. Bó bá dé mílílítà 50, o ti dé mílígíráàmù 250, òpin tí Nàìjíríà fi sí omi mímu.

Èkejì ni omi òkun tó ń wọ odò wá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí Odò Ògùn bá fà, omi òkun a gba ẹnu ọ̀sà Èkó wọlé. Ó wúwo ju omi odò lọ, abẹ́ ló ń rá gbà. Ẹni tó bu ti ojú omi wò yóò ní kò sí nǹkan. Ìgò tí a fi okùn sọ̀ dé ìsàlẹ̀ ni ẹlẹ́rìí. Álọ́ọ̀mù ò lè yọ iyọ̀ náà. Síse pàápàá ń mú un pọ̀ sí i ni: omi ló ń lọ, iyọ̀ ń dúró. "Ìwọlé omi òkun" ni kí ẹ pè é.

Ẹni yìí kan náà kọ "Odò Ògún". Òrìṣà irin nìyẹn o! Ó tún pe omi tí dáàmù Ọ̀yán ń tú sínú Odò Ògùn ní "omíyalé". Ti Ògùnpa n'Ìbàdàn, 31 oṣù Kẹjọ 1980, ni omíyalé. Kì í ṣe gbogbo omi tí a ṣí géètì fún ló ń ya ilé. Dáàmù náà, tí wọ́n ṣí ní 1983, ń gba kúbíìkì mítà mílíọ̀nù 270. Bí wọn ò bá tú u díẹ̀díẹ̀ ṣáájú òjò oṣù Kẹsàn-án, wọn á tú u lẹ́ẹ̀kan náà, Ìṣẹrì àti Kara tó wà létí odò nísàlẹ̀ ni yóò gbà á. Bí wọ́n bá sì tú u jù, kí ni yóò ti òkun sẹ́yìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? "Ìtúmisílẹ̀" ni èmi ń pe omi tí a ṣí géètì fún.

Ìdáhùn:

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Mo gbà lórí ì-. Ṣùgbọ́n "ìníyọ̀" ńkọ́? Ọ̀rọ̀-ìṣe ni "níyọ̀", ì- kò ṣẹ̀ níbẹ̀. Kẹ́nikẹ́ni má sáà sọ pé "omi oníyọ̀" fún mi. Ọjà ni mo ti mọ oníyọ̀. "Ìtúmisílẹ̀" gùn ju géètì náà lọ, n ò gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bá wa wo àmì orí dáàmù: ẹnìkan kọ "dààmú Ọ̀yán" lọ́sẹ̀ tó kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará Ìṣẹrì lè má bá a jiyàn.