Onílé ní "sit tight", páìpù sì ń jò

Ọmọ Kétu, Leeds: Ẹ gbà wá o, ẹ̀yin ará ilé láti orílẹ̀-èdè Benin! Omi ń jò lábẹ́ síǹkì láti òwúrọ̀. Onílé fèsì, ó ní "Sit tight." Ìwé tó bá páìpù tuntun wá ní "hand-tight, then a quarter turn." Ọkọ mi ti gbé sípánà ńlá dání. Kí ni ká ṣe?

Ọmọ Àjàṣẹ́, Toronto: Àbúrò, kí ó gbé sípánà yẹn sílẹ̀ ná! Ẹ ti omi pa. Ní England, abẹ́ síǹkì náà ni ọwọ́ ìtìpa sábà máa ń wà, apá ọ̀tún lẹ ó yí i sí. Onílé ní kí ẹ fara balẹ̀ dè é ni, kò ní kí ẹ yí nǹkan kan kó le. Hand-tight ní tirẹ̀, ọwọ́ lásán ni, títí ọwọ́ kò fi ní lè yí i mọ́. Quarter turn, bí ọwọ́ aago ṣe ń ti 12 dé 3 ni, ẹ dúró níbẹ̀. Wọ́sà rọ́bà inú nọ́ọ̀tì ló ń dá omi dúró, kì í ṣe agbára. Bí ẹ bá yí i jù, rọ́bà á fún jáde, á gé, nọ́ọ̀tì oníke á sì là.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, Houston: Kí wọ́n wé téèpù funfun mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó yí i. Ó parí.

Ọmọ Àjàṣẹ́, Toronto: Rárá o, ẹ̀gbọ́n! Ibi tí wọ́sà bá wà, téèpù kò níṣẹ́ níbẹ̀, kò tiẹ̀ ní jẹ́ kí nọ́ọ̀tì jókòó dáadáa. Ibi tí irin bá ń wọnú irin láìsí rọ́bà ni téèpù wà fún.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, Houston: Téèpù kì í pa ilé lára.

Ọmọ Kétu, London: Ó ń pa á lára, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fi bí wọ́n ṣe ń lo "tight" lẹ́nu kún un. "Money is tight" kò burú, owó há lọ́wọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má wí fún ọ̀gá ibi iṣẹ́ pé "You are tight": ahun lẹ pè é yẹn. Lẹ́nu àwọn àgbà ibí, ó tiẹ̀ lè jẹ́ pé ó ti mutí yó. Bí ọmọ bá ti iléèwé dé tó ní "that's tight", wọ́n rẹ́ ẹ jẹ ni, ẹ bi í léèrè.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, Houston: Àwọn ọ̀dọ́ tiwa níbí, bí nǹkan bá dùn mọ́ wọn ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀. Ti Houston ló dáa jù.

Ọmọ Kétu, London: Ẹ̀yin ará abẹ́ àpáta, ẹ ò ní gbà láéláé!

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, Houston: Abẹ́ àpáta náà niṣu wa wà. Ẹ wá jẹ iyán.

Ọmọ Kétu, Leeds: Omi ti dúró, ẹ ṣé gan-an. Wọ́sà àtijọ́ ti gé sí méjì. Ṣé 1/2 inch ni ká rà àbí 3/4?

Ọmọ Kétu, London: Ẹ ní iyán, àwa ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́. UNESCO gan-an kọ ọ́ sínú ìwé àṣà àjogúnbá aráyé ní 2008. Irin ẹsẹ̀ wọn ń dún létí mi báyìí, ilé ń wù mí.

Ọmọ Àjàṣẹ́, Toronto: Ta ló ń lọ sílé ní December? Ẹ bá mi gbé èlùbọ́ Ṣábẹ̀ẹ́ bọ̀, màá san owó ẹrù.