Iṣẹ́ síníọ̀ tester lórí máàpù omíyalé: kí ni kí n kọ́kọ́ mọ̀?

Ọmọ_Ìpákodò (Ìkòròdú):
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Tester ni mí, áàpù bánkì ni mo ń dán wò, owó wọlé owó jáde, ó ti mọ́ mi lára. Kọ́ńpìnì kan wá pè mí fún ìntáfíù ipò síníọ̀, máàpù ni wọ́n ń ṣe fún àwọn àjọ ìjọba tó ń rí sí pàjáwìrì, kí wọ́n lè mọ àdúgbò tí omi ti ya wọlé, ilé tó wà níbẹ̀ àti ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà débẹ̀. Èmi o, ohun tí mò ń fi máàpù ṣe ò ju kí n wo ibi tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà lọ. Ṣé QGIS, áàpù kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ máàpù, ni kí n lọ kọ́ àbí kí n tẹpá mọ́ automation, ìyẹn kí kóòdù máa bá mi dán nǹkan wò? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Bàbá_Survey (Ẹ̀pẹ́):
Àbúrò, fi automation sílẹ̀ ná, coordinate ni kó o lọ mọ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí nǹkan wà lórí ilẹ̀ ayé. Púpọ̀ nínú pláànù ilẹ̀ àtijọ́ ní Nàìjíríà, orí Minna datum ni wọ́n yà wọ́n sí (datum ni ìpìlẹ̀ tí wọ́n ti ń wọn coordinate), bẹ́ẹ̀ WGS84, datum míì, ni GPS inú fóònù ẹ ń lò. Tí ẹni tó kọ kóòdù bá kó méjèèjì pọ̀ láìyí ọ̀kan padà, gbogbo nǹkan á sún ní 100 mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sẹ́ni tó máa fura torí títì á ṣì jọ títì, ilé á ṣì jọ ilé. Létí ọ̀sà níbí, ìyẹn ti tó kí máàpù sọ pé orí ilẹ̀ gbígbẹ ni ilé tí omi ti dé fèrèsé wà. Nọ́ńbà tí QGIS fi ń dá wọn mọ̀ nìyí: EPSG:26331 ni Minna UTM 31 (UTM 31 ni ẹkùn máàpù tí Èkó wà), 32631 ni ti WGS84. Gbé fáìlì kan náà lé méjèèjì nínú QGIS, wàá fojú ara ẹ rí i.

Àdùkẹ́_QA (Àgbádárìgì):
Ẹ̀gbọ́n sọ ọ́ o. Irú iṣẹ́ yẹn lèmi ń ṣe lọ́wọ́. GeoJSON, irú fáìlì kan tí wọ́n ń kó máàpù sí, máa ń fi longitude (ti ìlà oòrùn) ṣáájú, ọ̀pọ̀ developer sì ń kọ latitude (ti àríwá) ṣáájú. Ìkòròdú wà ní bíi 6.6 àríwá, 3.5 ìlà oòrùn, yí méjèèjì síra kó o wò ó, inú òkun lo máa bá a. Ìyẹn ò le, ojú á rí i.

Èyí tó le, tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ń wá síníọ̀, nìyí: ní bánkì o ti mọ ìdáhùn kó o tó tẹ bọ́tìnì, 5,000 yọ 2,000, ó parí. Ta ló fẹ́ sọ fún ẹ pé ibi tí máàpù kùn ní búlúù yìí, omi wà níbẹ̀ lóòótọ́? Rédà Sentinel-1, sátẹ́láìtì àwọn ará Yúróòpù, ni ọ̀pọ̀ ń lò torí ó ń ríran kọjá ìkùukùu, àmọ́ títì ọ̀dà tó tẹ́jú lè jọ omi lójú ẹ̀, kí omi gidi sì sá pamọ́ sábẹ́ koríko orí ọ̀sà. Ọ̀sà fúnra ẹ̀ ńkọ́? Omi ni lójoojúmọ́, kì í ṣe omíyalé, ẹ yọ ọ́ kúrò kẹ́ ẹ tó ka ilé. Sátẹ́láìtì kan ṣoṣo, ọjọ́ 12 ló ń gbà á kó tó tún gba ojú ọ̀nà kan náà kọjá, torí náà tí déètì àwòrán ò bá hàn gbàgà lórí máàpù, bug (àṣìṣe) ńlá ni mo máa kọ ọ́ sí, bó ti wù kí àwọ̀ ẹ̀ dára tó. Èmi máa ń wá fọ́tò àti fídíò tí àwọn ará àdúgbò yà láti fi wé e. Tí wọ́n bá tú omi dáàmù Ọ̀yán ní ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, àwọn tó ń gbé lápá Ìtòwòló àti Agbóyì l'Ékòó á fi ibi tó dé lára ògiri hàn ẹ́.

Igbógbó_Tech:
Ẹ má fojú tín-ín-rín automation o jàre. Ọjọ́ òjò gan-an ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe ségesège, ọjọ́ yẹn náà ni gbogbo ọ́fíìsì máa wọlé pa pọ̀. Fi JMeter, tó ń ṣe bí ẹni pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ti server yẹn (kọ̀ǹpútà tí máàpù ń ti ibẹ̀ wá) títí tó máa fi dákú. Sì pa dátà fóònù ẹ nígbà tó o bá ń kọ fọ́ọ̀mù ilé kan lọ́wọ́, kí ẹlòmíì kọ nǹkan míì nípa ilé yẹn kan náà, kó o wá tan dátà padà. Tọwọ́ ta ló kù? Tí tọwọ́ ẹnì kan bá pòórá láìsọ fún un, kò tíì yá.

Ọmọ_Ìpákodò:
Ẹ ṣé gan ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Àǹtí Àdùkẹ́, kí máàpù ní omi wà níbi tí kò sí, àbí kó ní kò sí níbi tó wà, èwo ló burú jù?

Àdùkẹ́_QA:
Má dá a pinnu. Bi àwọn tó ń gbé ọkọ̀ jáde. Tí ọkọ̀ bá pọ̀ nílẹ̀, kí wọ́n lọ sófo ò burú tó kí wọ́n fi èèyàn sílẹ̀ sínú omi. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ méjì péré ni wọ́n ní, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn. Kọ ohun tí wọ́n bá sọ sínú test plan, ìwé ètò ìdánwò ẹ, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i.