Wọ́n mú mi fún ìpàdé àwọn ọ̀dọ́ ní Yúróòpù, ṣùgbọ́n èmi ni mo máa sanwó: ṣé kí n san?

OmoOsogbo
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìjókòó. Mo wà ní 300 level, International Relations ni mò ń kà ní yunifásítì ìpínlẹ̀ kan níhìn-ín, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ímeèlì kan wọlé pé wọ́n ti mú mi mọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó máa lọ síbi ìpàdé àgbáyé kan ní Yúróòpù, ọjọ́ mẹ́rin ni, a máa sọ̀rọ̀ nípa àlàáfíà àti ojú ọjọ́, a máa gba sátífíkéètì, àsíá oríṣiríṣi ló wà nínú ímeèlì náà. Mo ti ń jó nínú yàrá kí n tó kà á dé ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n wá kọ ọ́ sí pé self-funded ni tèmi, kí n san 650 dọ́là láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á fi ẹlòmíì rọ́pò mi. Owó òtẹ́ẹ̀lì àti oúnjẹ nìyẹn o, kò sí ti bàálù níbẹ̀, kò sí ti físà.

Àdìrẹ ni màmá mi ń tà, wọ́n ní àwọn máa kó àjọ àwọn, àwọn á sì yá ìyókù ní kọpuréétífù, pé ọmọ tí òkè òkun bá ń pè, èèyàn ò gbọ́dọ̀ dí i lọ́nà. Èmi gan-an lọkàn mi ò balẹ̀. Ṣé kí n san àbí kí n jáwọ́? Tí mo bá sì jáwọ́, kí ló wà fún èèyàn tí ò tíì gbàwé jáde, torí gbogbo sikọ́láṣípù tí mò ń rí, ti masters ni ṣáá. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bú mi o.

IyaIbeji_Leeds
Àbúrò mi, má san kọ́bọ̀. Ẹni tó pè ẹ́ wá sóde kì í ní kó o ra àga tó o máa jókòó lé.

Jẹ́ kí n sọ bí òwò yẹn ṣe ń lọ fún ẹ. Wọ́n á kọ "fully funded" gàdàgbà gadagba síta, ọmọ rẹpẹtẹ á fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, wọ́n á mú èèyàn bíi mélòó kan tí wọ́n máa gbé lọ lọ́fẹ̀ẹ́ lóòótọ́, wọ́n á wá kọ̀wé sáwọn yòókù pé ẹ kú oríire o, ẹ̀yin náà yege, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa gbọ́ bùkátà ara yín. Owó àwọn tó ń sanwó yẹn ni wọ́n fi ń gbé àwọn ọlọ́fẹ̀ẹ́ lọ, ibẹ̀ náà ni èrè tiwọn ti ń jáde. Mi ò ní gbogbo wọn ni olè, ìpàdé náà á wáyé, ẹ máa ya fọ́tò, ẹ máa jẹ búrẹ́dì tútù, àmọ́ èmi tí mo ti jókòó síbi tí wọ́n ti ń yẹ ìwé àwọn tó ń wáṣẹ́ wò, mi ò rí ẹni tó torí irú sátífíkéètì yẹn gba ẹnikẹ́ni. Àwọn míì tiẹ̀ máa ń fi orúkọ UN bọ ọ̀rọ̀ wọn lẹ́nu. UN fúnra wọn ti gbé ìkìlọ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn ọjọ́ ti pẹ́ nípa àwọn tó ń fi orúkọ wọn gbowó.

Ó tún ku físà. Láti June 2024, 90 yúrò ni owó físà Schengen, èyí tí wọ́n fi ń wọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, fún àgbàlagbà, wọn kì í sì dá a padà tí wọ́n bá ní rárá. Ẹni tó ń wo ìwé ẹ á wò ó pé ọmọ 300 level ni ẹ́, o ò níṣẹ́, owó rẹpẹtẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ já sínú àkáǹtì màmá ẹ lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, wọ́n mọ irú owó bẹ́ẹ̀ lójú. Tí wọ́n bá sì kọ̀ ẹ́, kò parí síbẹ̀, torí fọ́ọ̀mù físà ìlú Ọba níbí máa ń bi èèyàn bóyá orílẹ̀-èdè kankan ti kọ físà fún un rí. Lọ ka ohun tí wọ́n kọ nípa refund nínú ímeèlì yẹn ná, kó o padà wá sọ fún wa.

Bá mi kí màmá ẹ. Àjọ yẹn, kí wọ́n fi ra aṣọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Loya_Abeokuta
Àǹtí Leeds, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ẹ má jẹ́ ká torí èyí bẹnu àtẹ́ lu gbogbo ìrìn àjò ọmọ ilé ìwé. Èmi sanwó lọ rí o, àwa kan ní fákọ́tì wa, ilé ìwé san díẹ̀, àwọn lọ́yà tó ti jáde níbẹ̀ dá owó jọ fún wa, ìyókù jáde lápò tiwa, mi ò sì kábàámọ̀ ẹ̀ títí dòní. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ilé ìwé ló rán wa lọ, kì í ṣe ímeèlì ló mú wa.

African Human Rights Moot ni mò ń sọ, ìdíje ẹjọ́ àfiṣeré fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin. Centre for Human Rights ti Yunifásítì Pretoria ló ń ṣètò ẹ̀ láti 1992, orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan tàbí òmíì ló máa ń gbà á lálejò, yunifásítì kọ̀ọ̀kan á mú akẹ́kọ̀ọ́ méjì wá pẹ̀lú olùkọ́ wọn, ẹ máa jiyàn ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn níwájú àwọn tó gbọ́ òfin dénú. Ọmọ tó bá débẹ̀, ó máa bá àwọn ọmọ Kẹ́ńyà, ti Gánà, ti Mòsáḿbíìkì fojú rinjú, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà ilé ìwé tó wà lọ́wọ́ ẹ, ẹ́ḿbásì mọ ibi tó ti wá àti ibi tó máa padà sí.

Ti òfin nìyẹn sha, ìwọ IR lò ń kà. Tìẹ ni débéètì àti Model UN, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣe bí aṣojú orílẹ̀-èdè ní UN. PAUDC ni débéètì àwọn yunifásítì Áfíríkà, WUDC ni ti gbogbo àgbáyé, Vietnam ni wọ́n ti ṣe ti 2024, Panama ni ti 2025. O ò ní jí lọ́jọ́ kan kó o bára ẹ níbẹ̀, inú ẹgbẹ́ débéètì ilé ìwé ẹ lo ti máa bẹ̀rẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ máa nà yín ní Ìbàdàn àti Ifẹ̀ ná 😂. Ti Boston tí Harvard ń ṣe, Model UN gidi ni, àmọ́ Amẹ́ríkà ti le. Láti July 2025 ni wọ́n ti sọ físà ọ̀pọ̀ àwa ọmọ Nàìjíríà di oṣù mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan péré lo sì lè fi wọlé, ó tún ti le jù bẹ́ẹ̀ lọ látìgbà yẹn. Mi ò ní gba ọmọ kankan nímọ̀ràn pé kó fi owó ìyá ẹ̀ ta tẹ́tẹ́ yẹn.

TisaFaranse
Ọmọ mi, o ń ka International Relations, ṣé o gbọ́ Faransé? O ò dárúkọ ẹ̀ rárá. Gbogbo yín Yúróòpù lẹ̀ ń wò, bẹ́ẹ̀ òkè òkun tí kò gba físà wà níwájú ilé yín.

Nígbà kan, tọ́mọ bá ń ka Faransé ní yunifásítì wa, ó gbọ́dọ̀ lọ lo ọdún kan nílẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Náírà wá fọ́, apá ò ká a mọ́, ìyẹn ni ìjọba fi kọ́ French Village sí Àjárá ní Àgbádárìgì, kí àwọn ọmọ lè máa ṣe ọdún yẹn níbẹ̀. Ibẹ̀ dáa, mi ò bú u. Àmọ́ kéèyàn kọ́ Faransé lọ́dọ̀ àwọn tó jẹ́ pé òun ni wọ́n fi ń nájà, tí wọ́n fi ń bú ọlọ́kadà, ó yàtọ̀. Ní Lomé, ní Tógò, ilé ẹ̀kọ́ èdè tí wọ́n ń pè ní Village du Bénin wà nínú ọgbà Yunifásítì Lomé, ní Abomey-Calavi, ní Bẹ̀nẹ̀, CEBELAE wà, àwọn méjèèjì ló ń gba ọmọ Nàìjíríà wọlé fún ẹ̀kọ́ èdè. O ò nílò físà, òfin ECOWAS fún ẹ ní 90 ọjọ́, mọ́tò lo máa wọ̀ lọ, wàá sùn ní yàrá akẹ́kọ̀ọ́, sẹ́fà lo máa ná. Sẹ́fà ti gbówó lórí sí wa o, mi ò ní purọ́ fún ẹ, àmọ́ kò tó ìdajì ohun tí àwọn oníìpàdé yẹn fẹ́ gbà tó o bá fi ti bàálù kún un.

Lomé ni mo máa ń sọ fáwọn ọmọ mi pé kí wọ́n lọ. Tó o bá dúró sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Bẹ̀nẹ̀, wàá kí wọn ní Bonjour, wọ́n á ní ẹ káàárọ̀, Yorùbá lẹ máa sọ dalẹ́, wàá padà wálé bó o ṣe lọ.

Mo tún fẹ́ kìlọ̀ o. Ẹ̀kọ́ èdè ni mò ń wí, mi ò ní kó o lọ gba dìgírì. Ní January 2024 ìjọba àpapọ̀ dá ìwé ẹ̀rí dìgírì láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dúró, lẹ́yìn tí oníròyìn kan gba dìgírì ní Kútọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn tó kàwé gidi níbẹ̀ náà jìyà ẹ̀.

OmoOsogbo
Hàà, ẹ ṣeun gan-an ni. Àǹtí Leeds, mo ti kà á, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn kì í dá owó padà "fún ìdí yòówù kó jẹ́, títí kan pé wọn ò fún ẹ ní físà". Mo kà á fún màmá mi létí, wọ́n ní "ká má rí i". Ó ti tán nìyẹn 😂.

Ẹ̀yin Tísà, Faransé ni elective mi ní 100 level, mo gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Màá padà sídìí ẹ̀.

Ìbéèrè kan ló kù. CGPA mi 3.6 lórí 5. Lẹ́yìn NYSC mo fẹ́ ṣe masters, àwọn èèyàn ń sọ pé ọ̀fẹ́ ni Jámánì, ṣé òótọ́ ni? Ṣé 3.6 tó?

Jamani_TiTutu
3.6 tó, second class upper nìyẹn, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni dẹ́rù bà ẹ́, àmọ́ má jẹ́ kó wálẹ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ "ọ̀fẹ́" yẹn ló ń da àwọn èèyàn wa rú. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba níbí kì í gba owó ilé ìwé. Kì í ṣe gbogbo wọn o, ní Baden-Württemberg wọ́n ń gba 1,500 yúrò ní sẹ̀mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ àwa tá ò wá láti EU, TUM, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Munich, náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà. Àmọ́ kí wọ́n tó fún ẹ ní físà, o gbọ́dọ̀ fi owó oúnjẹ ọdún kan pamọ́ sínú blocked account, ó ti di 11,904 yúrò báyìí, wọ́n á máa yọ 992 fún ẹ lóṣooṣù. Owó ẹ náà ni o, kì í ṣe ìjọba wọn lo fún, ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ ní i ná kó tó di pé wọ́n dì í mọ́lẹ̀. Ṣé màmá aláàdìrẹ ló máa rí ìyẹn? Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n mẹ́ta ló kó owó jọ fún mi. Ojú pọ́n wọn. Ìyẹn ni mo fi ń sọ fáwọn ọmọ pé sikọ́láṣípù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lé, torí tó o bá ti rí ti DAAD, àjọ Jámánì tó ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní sikọ́láṣípù, tàbí Erasmus Mundus, sikọ́láṣípù masters ti EU, ọ̀rọ̀ blocked account ti kúrò nílẹ̀.

Erasmus Mundus ni mo fẹ́ kó o fojú sí jù. Yunifásítì tó ju ẹyọ kan lọ lẹ máa kàwé níbẹ̀, láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì, wọ́n á san owó ilé ìwé, wọ́n á fún ẹ ní 1,400 yúrò lóṣù. Kò ní dandan kó o ti ṣiṣẹ́ rí, kódà ẹni tó wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì lè fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń ṣí láàárín October sí January. Oríṣi tó jẹ mọ́ ìmọ̀ tìẹ náà wà, ìṣèlú, ìrìnkiri àwọn èèyàn láti ìlú dé ìlú, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Chevening, sikọ́láṣípù ìjọba ìlú Ọba, ń bọ̀ lẹ́yìn, ìyẹn fẹ́ ọdún méjì iṣẹ́, wákàtí 2,800 ni wọ́n ń kà á sí, tó o bá sì parí wàá padà sílé fún ọdún méjì. EPOS, ọ̀kan lára sikọ́láṣípù DAAD, náà fẹ́ ọdún méjì iṣẹ́.

Fún báyìí tó o ṣì wà nílé ìwé, lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ti ilẹ̀ òkèèrè ní yunifásítì yín, bi wọ́n bóyá wọ́n ní àdéhùn Erasmus+, ètò EU fún pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, pẹ̀lú yunifásítì kankan ní Yúróòpù. Tó bá wà, wọ́n lè rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ fún sẹ̀mẹ́sítà kan, wọ́n á fún un lówó oúnjẹ. Wọ́n lè ní kò sí. Wọ́n sì lè ní ó wà, kó jẹ́ pé wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri tẹ́nì kan ò kà.

Àti ọ̀rọ̀ transcript o. Mo mọ ẹni tí àkókò sikọ́láṣípù kọjá mọ́ lórí nítorí transcript tó ń jókòó nínú fáìlì. Ọjọ́ tó o bá ti gbàwé jáde ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ sí í lé tìẹ. Máa sún mọ́ olùkọ́ méjì tó mọ̀ ẹ́ dáadáa láti ìsinsìnyí, kó má di pé wọ́n ń kọ lẹ́tà fún ẹni tí wọn ò mọ ojú ẹ̀.

BabaPensan
Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò dárúkọ BEA, sikọ́láṣípù tìjọba àpapọ̀ tó dá lórí àdéhùn pẹ̀lú orílẹ̀-èdè míì? Àwọn ọmọ tí mo mọ̀ lọ Rọ́ṣíà, wọ́n lọ Ṣáínà lórí ẹ̀.

Jamani_TiTutu
Bàbá, ẹ kú àárọ̀ sà. Ìjọba ti dá a dúró ní 2025 sà. Kí wọ́n tó dá a dúró gan-an, àwọn ọmọ tó wà lọ́hùn-ún ti ń pariwo pé owó àwọn ò dé.

BabaPensan
Ó mà ṣe o.

OmoOsogbo
Màá lọ sí ọ́fíìsì yẹn lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ẹ̀yin Tísà, tí mo bá fẹ́ lọ Lomé nígbà ìsinmi, ṣé páàsípọ́ọ̀tù pọn dandan? Mi ò tíì ní.

IyaIbeji_Leeds
Gbà á. Láti September 2025 olójú ewé 32 ti di 100,000 náírà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ìmígíréṣọ̀n ni kó o ti sanwó, má fún ẹnì kankan lówó lẹ́nu géètì.

TisaFaranse
Gbà á bí àǹtí ẹ ṣe wí. Tẹ́ ẹ bá dé Sẹ̀mẹ̀, sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, àwọn onímọ́tò máa ní kó o jókòó, pé àwọn á bá ẹ yanjú ẹ̀. Má dá wọn lóhùn. Mú káàdì àjẹsára yellow fever dání, kó o sì ṣẹ́ náírà díẹ̀ sí sẹ́fà kó o tó kọjá. Kọ̀wé sí Village náà ṣáájú, kó o bi wọ́n ìgbà tí kíláàsì tó kàn máa bẹ̀rẹ̀. Faransé ni kó o fi kọ ọ́ o.