Báwo ni ìdílé Parker ṣe di olówó màlúù ní Hawaii?

Àdìsá: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Báwo ni àjèjì ṣe dá oko màlúù ńlá tí wọ́n ń pè ní Parker Ranch sílẹ̀ ní Hawaii?

Ìyá Ìbejì: John Palmer Parker, ará Massachusetts ní Amẹ́ríkà, ni ó bá ọkọ̀ òkun débẹ̀ ní 1809. George Vancouver, ọ̀gá ọkọ̀ òkun ará Britain, ti kó màlúù wá fún Ọba Kamehameha ní 1793, ọba sì kà á léèwọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa wọ́n, títí wọ́n fi pọ̀ sí i, tí wọ́n ya ẹhànnà, tí wọ́n sì ń ba oko olóko jẹ́. Parker gba àṣẹ láti máa fi ìbọn pa wọ́n, ó sì ń ta ẹran oníyọ̀, awọ àti ọ̀rá fún àwọn ọkọ̀ òkun. Ó fẹ́ Kipikane, ọmọ ìdílé ọba (lójú tèmi, àna yìí ju ìbọn lọ), ó sì ra éékà 2 péré ní 1847.

Akin: Ẹ má gbàgbé àwọn darandaran Mexico tí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ìlú ní jíju okùn mú màlúù. Láyé ìgbà yẹn, ní etí òkun Kawaihae, wọn a gun ẹṣin wọ inú omi, wọn a so ìwo màlúù mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kékeré, kí wọ́n tó fà á sókè sínú ọkọ̀ ńlá.

Àdìsá: Ẹ ṣeun, mà. Ṣé ọwọ́ ìdílé Parker ni oko náà ṣì wà?

Ìyá Ìbejì: Rárá o. Richard Smart, òṣèré orí ìtàgé, ni ó jogún rẹ̀ kẹ́yìn. Nígbà tí ó kú ní 1992, ó fi í sílẹ̀ kí èrè rẹ̀ lè máa ran ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́ ní ìlú Waimea, níbi tí oko náà wà, lọ́wọ́.