Wọ́n yẹ HIV wò lára mi níbi iṣẹ́ láìsọ fún mi, èsì sì ti dọ́wọ́ ọ̀gá kí n tó rí i. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Aláìlórúkọ, Òṣogbo

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Admin, ẹ ṣeun tí ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí síta láìfi orúkọ mi hàn.

Tíṣà ni mí ní ilé ìwé aládàáni kan níbí. Nígbà tí a wọlé sáà yìí, ìyá onílé-ìwé wa ní kí gbogbo tíṣà ṣe àyẹ̀wò ara, pé àwọn òbí ń bèèrè. Ọsibítù kan tó mọ̀ ló rán òṣìṣẹ́ láàbù wá bá wa ní yàrá tíṣà. Wọ́n pín fọ́ọ̀mù fún wa: orúkọ, ọjọ́ orí, nọ́ńbà fóònù, kí a sì fọwọ́ sí i pé a gbà kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wa. Mo bi ọmọbìnrin tó ń gbẹ̀jẹ̀ pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ó ní ibà, táífọ́ọ̀dù, jẹ́nótáìpù, àti àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ yẹn. Mo fọwọ́ sí i. Ta ni ò ní fọwọ́ sí i nígbà tí ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá onílé-ìwé pè mí sí ọ́fíìsì. Akọ̀wé rẹ̀ wà níbẹ̀, kò ní kó jáde. Ó na bébà kan sí mi. Èsì gbogbo wa ló wà lórí bébà kan ṣoṣo, orúkọ látòkè dé ìsàlẹ̀. Níwájú orúkọ tèmi, lábẹ́ ibi tí wọ́n kọ RVS sí, wọ́n kọ “Reactive”. Mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ RVS. Òun ló sọ fún mi pé HIV ni. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, òun ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kí n máa sinmi nílé ná, kí n sì kọ lẹ́tà pé èmi fúnra mi ni mo fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀. Òun á fún mi lówó oṣù méjì.

Mi ò tíì kọ ọ́. Ọkọ mi rò pé wọ́n fún mi nísinmi ni. Nígbà tí mo lóyún àbíkẹ́yìn mi, wọ́n yẹ̀ mí wò, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Ọmọ náà ti ń lọ sí ilé ìwé báyìí.

Ṣé ohun tí wọ́n ṣe yìí bófin mu? Ṣé ọwọ́ tí mo fi síwèé ti fún wọn láyè? Ṣé kí n sọ fún ọkọ mi báyìí, àbí kí n dúró ná? Mi ò rí oorun sùn mọ́.

Admin

Ẹ̀yin ará, kí ẹnikẹ́ni má bèèrè orúkọ ilé ìwé tàbí ti ọsibítù náà o. Kí ẹnikẹ́ni má sì méfò. Òṣogbo ò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá dárúkọ, a ó yọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò.

Ìyá Ìbejì Òkè-Fìà

Háà! Akọ̀wé jókòó síbẹ̀? Ẹ pẹ̀lẹ́ o, tíṣà wa. Ẹ má kọ lẹ́tà kankan o. Tó bá jẹ́ pé ohun tó tọ́ ni wọ́n ṣe, wọn ò ní máa fi owó oṣù méjì bẹ̀ yín.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ọmọ mi, jẹ́ kí n mú ti ìlera kúrò ńlẹ̀ kí àwọn lọ́yà tó dé.

“Reactive” lórí bébà yẹn kò tíì tó láti sọ pé o ní HIV. Ohun tó ń sọ ni pé ohun èlò àyẹ̀wò kan rí nǹkan tó jọ ọ́. Ní Nàìjíríà níbí, a kì í fi ohun èlò kan ṣoṣo parí ọ̀rọ̀. Tí àkọ́kọ́ bá ní ó wà, a ó fi òmíràn tó yàtọ̀ sí i dán an wò, ó sì lè gba ẹ̀kẹta kí ọ̀rọ̀ tó dájú. Determine, Uni-Gold, Stat-Pak, àwọn tí a lò fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn. Kí èèyàn sì tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, wọ́n tún máa ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Láàbù tó kó èsì gbogbo tíṣà sórí bébà kan, tó wá gbé e fún ọ̀gá wọn, èmi ò ní fi gbogbo ọkàn gba ohun tó kọ síbẹ̀. Èsì ìgbà oyún ńkọ́? Ìyẹn náà ò lè sọ nǹkan kan nípa òní.

Nítorí náà, lọ tún un ṣe. Lọ sí UNIOSUN Teaching Hospital tàbí ọsibítù ìjọba ní Asúbíaró, sọ pé àyẹ̀wò HIV lo wá ṣe. Wọ́n á gún ọ níka, ohun èlò kọ̀ọ̀kan kì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 lọ kó tó sọ tirẹ̀.

Wá fi bó ṣe yẹ kó rí wé èyí tí wọ́n ṣe fún ọ. Ẹni tó fẹ́ yẹ̀ ọ́ wò á mú ọ lọ sí kọ̀rọ̀, ìwọ àti òun nìkan. Á pe HIV lórúkọ, kò ní fi RVS bò ọ́ lójú. (Àwa òṣìṣẹ́ la máa ń kọ RVS sórí káàdì kí ará ìta má baà ká a. Kì í ṣe láti fi pa aláìsàn fúnra rẹ̀ lójú dé.) Á sọ ìdí tó fi fẹ́ ṣe é, á sọ ohun tí wọn ó ṣe tó bá wà àti tí kò bá sí, á sì sọ fún ọ pé o lè ní o ò ṣe. Tí o bá ní o ò ṣe, wọn ò gbọdọ̀ torí ẹ̀ kọ̀ láti tọ́jú ọ. Lẹ́yìn náà ni yóò bi ọ́ pé ṣé o gbà. Kódà ní kílíníìkì aboyún, níbi tí a ti ń yẹ gbogbo wọn wò, a máa ń là á yé wọn lórí ìjókòó, ẹni tí kò bá fẹ́ á sọ. Ìwọ, wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí o mọ ohun tí wàá kọ̀.

Onílé-ìwé, Àlẹ̀kúwodò

Ẹ má bínú o, ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa. Èmi náà ní ilé ìwé. Ẹ ò mọ bí àwọn òbí ṣe ń dà wá láàmú. Tí ọmọ bá ṣubú tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tí tíṣà tó gbé e sì ní egbò lọ́wọ́, ta ni wọ́n máa mú? Ìyá yẹn ò pariwo rẹ̀ níta, ó pè é sí kọ̀rọ̀, ó tún ní òun á sanwó. Ẹlòmíràn á kàn lé e dànù ni.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣọ́ọ̀kì, ife, àga, ìdìmọ́ra, kò sí ọ̀kan tó ń kó HIV ran ọmọ nínú wọn. Ti ẹ̀jẹ̀ tí ẹ sọ, ibọ̀wọ́ rọ́bà ni oògùn rẹ̀. Tíṣà tí ẹ yẹ̀ wò lónìí lè kó o lóṣù tó ń bọ̀, àwọn ọmọ fúnra wọn ẹ ò sì yẹ̀ wọ́n wò. Ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni tó bá ṣẹ̀, ẹ wọ ibọ̀wọ́ kí ẹ tó kàn án. Bí a ṣe ń ṣe é lọ́sibítù nìyẹn, a kì í kọ́kọ́ bi aláìsàn pé kí ló ní.

Lọ́yà Òkè-Baálẹ̀

Arábìnrin, ẹ pẹ̀lẹ́. Mi ò lè rojọ́ yín tán lórí fóònù, ṣùgbọ́n ẹ gba díẹ̀ yìí ná.

Òfin kan wà tí wọ́n ṣe ní 2014, nígbà ìjọba Goodluck Jonathan, tó lòdì sí fífi HIV ya ènìyàn sọ́tọ̀. Ó ní agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ fi àyẹ̀wò HIV ṣe ohun tí èèyàn gbọ́dọ̀ ṣe kó tó ríṣẹ́ tàbí kó tó lè máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ibi tó ti yọ̀ǹda kò ju ọ̀kan lọ: kí oníṣègùn tó kúnjú òṣùwọ̀n kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ẹni náà kò bá ṣe é, ewu gbangba ni fún ẹlòmíràn. Ẹ ní kí wọ́n mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá fún tíṣà tó ń kọ́ ọmọ ní ABD.

Òfin Ìlera ti orílẹ̀-èdè, òun náà 2014, abala 26: gbogbo ohun tó jẹ mọ́ ìlera ẹni tí ọsibítù tọ́jú, àṣírí ni. Àfi tí ẹni náà bá fọwọ́ síwèé pé kí wọ́n sọ ọ́, tàbí tí kóòtù tàbí òfin bá pàṣẹ, tàbí kó jẹ́ ọmọdé tàbí ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ tí òbí tàbí alágbàtọ́ ń bèèrè fún, tàbí kí dídákẹ́ jẹ́ ewu ńlá fún ìlera ará ìlú. Ọ̀gá níbi iṣẹ́ kò sí nínú wọn. Pé òun ló sanwó láàbù kò sọ ọ́ di ẹni tó ni èsì. Òfin ààbò dátà ti 2023 náà ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣọ́ lójú méjèèjì.

Ìwé tí ẹ fọwọ́ sí? Ẹ gbà kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí wọn ò dárúkọ HIV fún kò lè ti gbà á.

Ọ̀rọ̀ báyìí ti dé kóòtù rí. Ní 1995, ọsibítù aládàáni kan ní Èkó lé obìnrin kan tó ń ṣe nọ́ọ̀sì olùrànlọ́wọ́ lọ́dọ̀ wọn, lẹ́yìn tí wọ́n yẹ HIV wò lára rẹ̀ láìgba àṣẹ rẹ̀. Ẹjọ́ náà falẹ̀ gan-an. Adájọ́ kan tiẹ̀ ní obìnrin náà ò ní wọ kóòtù òun àfi tí onímọ̀ ìṣègùn bá wá jẹ́rìí pé kò ní kó o ran àwọn tó wà níbẹ̀! Ní 2012 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Èkó dá a láre, wọ́n ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 7 náírà fún un. Kí ẹ̀rù má bà yín o, àwọn òfin tí mo kà sókè yìí kò tíì sí nígbà tí wọ́n lé obìnrin yẹn.

Ohun tí ẹ ó ṣe báyìí: ẹ kọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, ọjọ́, àkókò, ẹni tó wà nínú yàrá. Ẹ má fọwọ́ sí nǹkankan. Ẹ fi lẹ́tà bèèrè ẹ̀dà fọ́ọ̀mù tí ẹ fọwọ́ sí àti ẹ̀dà èsì tiyín nìkan. Àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ láàbù wà, èyí tó ń rí sí àwọn dókítà wà, àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn náà wà. Tí owó lọ́yà bá ṣòro, Legal Aid Council ni kí ẹ bèèrè.

Bàbá Alágbo Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Tíṣà, ẹ kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀. Ewé àti egbò wà tó ń fọ̀ ọ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ láàárín ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ìdánilójú wà.

Admin

A ti yọ Bàbá Alágbo kúrò nínú ẹgbẹ́.

Àfẹ́sọ́nà

Ẹ jọ̀ọ́ Lọ́yà, ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí èmi àti ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ ṣe ti HIV, pé ọsibítù ló máa fi èsì ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó. Ṣé ọ̀kan náà ni?

Lọ́yà Òkè-Baálẹ̀

Kí ẹ̀yin méjèèjì jọ lọ yẹ ara yín wò kí ẹ tó ṣègbéyàwó dára púpọ̀, èmi àti ìyàwó mi ṣe é. Ṣùgbọ́n kí ọsibítù kọ́kọ́ fi èsì yín lé ìgbìmọ̀ lọ́wọ́ láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ síwèé, ìyẹn ni kò tọ́. Ẹ̀yin ni kí wọ́n fún.

Aláìlórúkọ kejì

Tíṣà, láti 2011 ni mo ti ń lo oògùn. Níbẹ̀rẹ̀, Iléṣà ni mo ti ń lọ gbà á, torí mi ò fẹ́ kí ará ọjà Ìgbọ̀nà bá mi lórí bẹ́ńṣì. Owó mọ́tò ló dá mi padà sí Òṣogbo. Oògùn ò náni lówó. Hóró kan ni mò ń lò lójúmọ́ báyìí, kòkòrò náà sì ti wálẹ̀ débi pé àyẹ̀wò ò rí i mọ́. Ẹni tó bá wà bẹ́ẹ̀, tí kò dá oògùn dúró, kì í kó o ran ẹni tí wọ́n jọ ń sùn. Ìyàwó mi ò ní in, àwọn ọmọ wa ò ní in.

Ti ọkọ yín, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ kọ́kọ́ gba èsì tó dájú. Èmi mú ìyàwó mi lọ bá olùdámọ̀ràn ọsibítù, iwájú rẹ̀ ni mo ti sọ fún un, ó sì rí ẹni bèèrè gbogbo ìbéèrè tí èmi ì bá má mọ̀ ọ́n dáhùn.

Ìyá Ìbejì Òkè-Fìà

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ tiyín, ṣùgbọ́n èmi ò fara mọ́ ọn. Akọ̀wé yẹn ní ẹnu! Tí ọkọ bá lọ gbọ́ ọ ní ìdí mọ́tò tàbí lẹ́nu àna rẹ̀, kí ni tíṣà fẹ́ sọ? Kó sọ fún un lónìí pé wọ́n ṣe báyìí fún òun níbi iṣẹ́, pé òun fẹ́ lọ tún un yẹ̀ wò. Kó tiẹ̀ bi í bóyá wọ́n á jọ lọ.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì wọ̀ mí létí. Ṣùgbọ́n ọmọ mi, ìwọ lo mọ ọkọ rẹ, ìwọ lo mọ̀ bóyá inú ilé yín gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹni tó lè na ọwọ́ sókè sí ọ, lọ bá olùdámọ̀ràn ná. Èyíkéyìí tí o bá ṣe, ẹ lo kọ́ńdọ̀mù títí èsì á fi dájú. Má sì jẹ́ kó pẹ́.

Aláìlórúkọ, Òṣogbo

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àdúrótì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó dé.

Mo sọ fún ọkọ mi lálẹ́ ọjọ́ tí Ìyá Ìbejì kọ tiwọn. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó wá ní, “Wọ́n fún ọ̀gá rẹ kí wọ́n tó fún ẹ?” Ìyẹn ló ká a lára jù. A jọ lọ ni. Obìnrin tó yẹ̀ wá wò ti ilẹ̀kùn, ó pe HIV ní HIV, ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé ṣé mo gbà. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló pe àwa méjèèjì wọlé gba èsì.

Mo mọ̀ pé ẹ máa fẹ́ mọ ohun tó jáde. Ẹ forí jì mí, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ẹni tó yẹ kó mọ̀ ti mọ̀.

Ti ilé ìwé ló kù. Mo kọ lẹ́tà bí Lọ́yà ṣe ní kí n kọ ọ́, mo sì jẹ́ kí akọ̀wé fọwọ́ sí ẹ̀dà kan pé ó dé ọwọ́ wọn. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, tíṣà méjì ti pè mí. Àwọn náà fẹ́ bèèrè fọ́ọ̀mù tiwọn.

Lọ́yà Òkè-Baálẹ̀

Ó dára. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ má jùmọ̀ fọwọ́ sí ẹyọ kan. Ẹ̀dà tí akọ̀wé fọwọ́ sí, ẹ gbé e sílé, ẹ má fi í sínú báàgì tí ẹ ń gbé lọ ibi iṣẹ́. Tí wọ́n bá fi lẹ́tà dá yín lóhùn, ẹ pè mí kí ẹ tó fèsì.

Onílé-ìwé, Àlẹ̀kúwodò

Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ibọ̀wọ́ tí ẹ sọ yẹn, ṣé èyí tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísìtì náà ni? Páálí mélòó ló yẹ ká ní?

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Èyí náà ni, ọ̀gá mi. Páálí kan fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ tíṣà ti lè tètè tó o, kó má jẹ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹ ń tì.