Ẹ má fi Mario Bava sínú ẹgbẹ́ òkùnkùn: èsì lórí “cult”, “giallo” àti “zoom”

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín.

Gbólóhùn tí wọ́n tú láti Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ní ká yẹ̀ wò, nìyí: “Mario Bava, olùdarí fíìmù ẹgbẹ́ òkùnkùn ará Ítálì, ló dá fíìmù ìyeyè sílẹ̀. Ó mọ ipa pàtàkì ṣe, Ìbojú Èṣù sì ni iṣẹ́ rẹ̀ tó lókìkí jù.” Ẹni tó tú u gbìyànjú gan-an, mi ò sì fẹ́ kó sinmi. Ṣùgbọ́n orúkọ ló ń tú, kò tíì wo nǹkan tí wọ́n sọ lórúkọ.

“Cult”, tí wọ́n tú sí “ẹgbẹ́ òkùnkùn”, ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú. Bí ọmọ Nàìjíríà bá ka “ẹgbẹ́ òkùnkùn”, àáké àti àdá ló máa wá sí i lọ́kàn. Ohun tí àwọn tó ń kọ̀wé lórí fíìmù ń pè bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tí èrò ò kọ́kọ́ kà sí, tí ìwọ̀nba èèyàn wá dì mọ́, tí wọn ò jẹ́ kó kú. Bí ti Bava ṣe rí gan-an nìyẹn. Wọ́n bí i ní Sanremo ní 1914. Agbẹ́re ni Eugenio bàbá rẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ kámẹ́rà láyé fíìmù tí kò ní ohùn. Mario náà fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe oníkámẹ́rà fún àwọn olùdarí mìíràn, ó ti lé lẹ́ni ọdún 45 kí fíìmù tí orúkọ tirẹ̀ nìkan wà lórí rẹ̀ tó jáde ní 1960. Fíìmù náà kò fi bẹ́ẹ̀ pawó nínú Ítálì, òkè òkun ló ti rọ́wọ́ mú. Nígbà tó kú ní Róòmù ní 1980, Cani arrabbiati tó yà ní 1974 ṣì wà ní títì pa, nítorí pé ẹni tó náwó sí i wọko gbèsè. Ó di bí ọdún 1995 kí èrò tó rí i. Mo dá “àdìmọ́” lábàá: fíìmù àdìmọ́, olùdarí àdìmọ́. Ẹnì kan ti dá “àkúnlẹ̀bọ” lábàá ṣáájú mi. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ìbọ ló wà nínú rẹ̀, yóò sì tún gbé wa padà sídìí ẹgbẹ́ awo tí a fẹ́ sá fún.

“Fíìmù ìyeyè”, tí wọ́n fi tú giallo, ló nira jù. Òótọ́ ni pé àwọ̀ èso ìyeyè ni giallo lédè Ítálì. Ní 1929 ni ilé ìtẹ̀wé Mondadori bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ jáde, èèpo àwọn ìwé náà sì jẹ́ àwọ̀ yẹn. Títí dòní, ìtàn ọ̀daràn èyíkéyìí, ibi yòówù kó ti wá, giallo ni ará Ítálì ń pè é. Èyí kò sọ wá di aláìní: “ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́” wà nílẹ̀, irú èyí tí Kọ́lá Akínlàdé kọ fún wa. Níta Ítálì ni ìtumọ̀ rẹ̀ ti há. Níbẹ̀, irú fíìmù Ítálì kan ni: apànìyàn tó bọ ìbọ̀wọ́ dúdú, tí a kì í rí ojú rẹ̀ títí dé ìparí, tó ń pa èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú iná aláwọ̀. Bava fúnra rẹ̀ wà lórí ààlà ìtumọ̀ méjèèjì. Nínú La ragazza che sapeva troppo, 1963, ọmọbìnrin tí ìtàn dá lé ń ka giallo nínú bàálù. Ìwé ni giallo níbẹ̀. Nínú Sei donne per l'assassino, 1964, ilé aránṣọ oge kan ní Róòmù ni ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀; apànìyàn dé fìlà, ó wọ kóòtù òjò, ó fi aṣọ funfun bo gbogbo ojú. Èyí ni àwọn ará òde máa ń nawọ́ sí.

Àwọn kan ní ká wá pè é ní “fíìmù pupa”, nítorí pé dúdú, funfun àti pupa ni àwọn baba wa fi pín àwọ̀, inú pupa sì ni èyí bọ́ sí. Pupa ẹyin ni wọ́n fi jẹ́rìí. Ẹ̀rí náà dúró ṣinṣin. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí a bá gbọ́ “fíìmù pupa”, ẹ̀jẹ̀ la máa rò, a ó sì gbà pé ìdí orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká yá ọ̀rọ̀ náà bí a ṣe yá “fíìmù” fúnra rẹ̀: jálò, ohùn òkè sí ìsàlẹ̀. Púpọ̀ rẹ̀ a jẹ́ “àwọn jálò”. A ò nílò gialli ti Ítálì.

Ti Ìbojú Èṣù, mo bẹ̀ yín. Láti ìgbà Bíbélì Crowther ni a ti ń ru ẹrù Sàtánì lé Èṣù lórí. La maschera del demonio, bí fíìmù 1960 náà ṣe ń jẹ́ lédè Ítálì, bẹ̀rẹ̀ ní Moldavia ní 1630, láàárín àwọn onígbàgbọ́. Sàtánì tiwọn ni wọ́n ń sọ, ẹ jẹ́ ká kọ Sàtánì. “Ìbojú” pẹ̀lú ń ṣini lọ́nà díẹ̀, nítorí pé aṣọ ìyàwó ló ń múni rántí. Èyí tó wà nínú fíìmù ní ìṣó gígùn nínú. Wọ́n gbé e lé obìnrin kan tí wọ́n pè ní àjẹ́ lójú, wọ́n sì fi òòlù ńlá lù ú wọlé. “Ìbojú Oníṣòó ti Sàtánì” gùn, ṣùgbọ́n ó sọ òótọ́. Obìnrin náà kì í sì í ṣe àjẹ́ ilé wa: ó jí dìde láti máa mu ẹ̀jẹ̀. Bí a ti ní ọ̀mùtí, kí ló dé tí a ò ní ní ọ̀mùjẹ̀?

“Ipa pàtàkì”, tí wọ́n fi tú “special effects”, kò jẹ́ nǹkan kan fún ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wo ohun tí Bava ṣe nínú I vampiri, 1957, fíìmù tí Riccardo Freda fi sílẹ̀ láìparí tí òun sì parí. Obìnrin arẹwà kan ní láti di arúgbó lójú wa, láìgé fíìmù. Wọ́n fi ọ̀dà pupa fa ìhunjọ sí i lójú, wọ́n sì tan iná pupa sí i. Ara àti ọ̀dà ń dá iná pupa padà bákan náà, nítorí náà fíìmù dúdú-òun-funfun kò rí ìlà kankan. Wọ́n wá rọra dín iná pupa kù, wọ́n ń tan ti àwọ̀ ewé bọ̀. Ọ̀dà pupa kò rí ohun tí yóò dá padà mọ́, ó ṣókùnkùn, ìhunjọ yọ. Nínú fíìmù aláwọ̀, àṣírí á tú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí pé àwọ̀ iná tó ń yí padà ni gbogbo ayé máa rí. A ti ní ọ̀rọ̀ fún èyí tipẹ́: idán. Eégún apidán a máa para dà lójú agbo, kò sì sẹ́ni tó sọ pé kò sí ọgbọ́n ọwọ́ nínú rẹ̀. Idán fíìmù, apidán fíìmù.

Ó ku “zoom”, tí kò sí nínú gbólóhùn náà ṣùgbọ́n tó kan Bava, tí àwọn kan ń pè ní “ìsúnmọ́”. Kámẹ́rà kì í sún nínú zoom. Dígí ẹnu rẹ̀ ló ń fa àwòrán wá, ojú èèyàn àti ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ á sì jọ tóbi ní ìwọ̀n kan náà. Bí kámẹ́rà bá rìn lọ bá ẹni náà, ojú á tóbi, ògiri kò ní fi bẹ́ẹ̀ tóbi, èèyàn á sì mọ̀ pé òun wọ yàrá. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún Bava, nítorí pé nígbà tí ọjọ́ àti owó kéré, zoom kò béèrè pé ká to irin tí kámẹ́rà máa rìn lórí rẹ̀ sílẹ̀. Ìdí tó fi pọ̀ nínú àwọn fíìmù rẹ̀ ìgbà ẹ̀yìn nìyẹn. Mo fẹ́ “ìfàmọ́ra” fún zoom, “ìsúnmọ́” fún ìrìn kámẹ́rà. Ohun ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé? Ọmọlanke. Kẹ̀kẹ́ ìṣeré ọmọdé ni Bava lò nínú Sei donne, kò sí bí a ṣe fẹ́ sọ pé ọmọlanke kéré sí i.

Ọ̀kan ṣì há sí mi lọ́nà ọ̀fun: abala fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aláwọ̀ aró tàbí àlùkò tí wọ́n ń fi bo iná kó lè tan àwọ̀ yẹn. “Ọ̀rá aláwọ̀” ni mo ń kọ báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀rá tí a fi ń di ẹ̀wà á yọ́ lójú iná náà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Èyí kò gbọdọ̀ yọ́. Bí àwọn oníná orí ìtàgé bá ní orúkọ tí wọ́n ń pè é, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ránṣẹ́.